A ní wọ́n fún ológbò wa ní májèlé

Ó di ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí mi ò ra àkàrà lójúde wa. Kì í ṣe pé àkàrà ti sú mi o. Ìyá Alákàrà tó ń dín in níwájú ilé wa ní Atákẹ̀, ní Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Benin, ni mi ò lè wò lójú. Láàárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà, màá yí gba ibi tí wọ́n ti ń ta kpàyó, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, nínú ìgò, màá wá bọ́ sí títì lókè lọ́hùn-ún kí n tó dá zém, ọ̀kadà tiwa níbí, dúró, gbogbo ìrìn yẹn, nítorí kí ojú èmi àti obìnrin yẹn má bàa ṣe mẹ́rin.

A fẹ̀sùn kàn án pé òun ló pa ológbò wa. Òun kọ́ ló pa á. Ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti mọ̀ pé òun kọ́, mi ò tíì lọ sọ fún un. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Màámi ń ta àgbàdo lọ́jà Wàndó. Yàrá kan nínú ilé wa ló fi ṣe sítọ́ọ̀, àpò àgbàdo tó ń ti Kétu àti Pọ́bẹ̀ wá máa ń kún ibẹ̀ dé òkè. Ẹni tó bá ti tọ́jú àgbàdo rí mọ ohun tí ojú èèyàn máa ń rí lọ́wọ́ eku. Torí náà ológbò nílé wa kì í ṣe nǹkan ìṣeré, iṣẹ́ ló ń ṣe, àwọn méjì la ní, Balógun àti Ìyálóde, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn, a gbà wọ́n lọ́wọ́ ìbátan wa kan ní Kétu nígbà tí wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Balógun ló le jù nínú àwọn méjèèjì. Tó bá pa eku tán, ẹnu ọ̀nà yàrá màámi ló máa wá tò ó sí, á jókòó tì í títí tí wọ́n á fi kí i kú iṣẹ́.

Kò tíì pé oṣù mẹ́wàá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Kò jẹun. Ara ẹ̀ gbóná. Ẹ̀yìn ẹ̀ rù débi pé èèyàn lè fọwọ́ ka eegun ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ikùn ẹ̀ wá ń wú, ó rí roboto, àwọn ọmọ àdúgbò ń sọ pé Balógun ti lóyún. Akọ ni.

Màámi wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní májèlé ni.

Ẹ ò ní bá wọn wí tí ẹ bá mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó di pé ikùn ẹ̀ wú, Balógun gbé ẹja díndín kan lórí àtẹ Ìyá Alákàrà, ó sá wọlé. Obìnrin náà pariwo lójú gbogbo oníbàárà, ó ní, "Ológbò yín yìí, ọjọ́ kan ni n ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n!" Gbogbo wa la gbọ́. Àwọn tó ń ra àkàrà gbọ́. Ọlọ́kadà zém tó dúró síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ yẹn sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà, àfi ìgbà tí ikùn ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ọ̀rọ̀ yẹn wá padà wá sí gbogbo wa létí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tí èrò pọ̀ níwájú àtẹ, màámi jáde sí i. Wọ́n ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?" Ẹ mọ̀ pé òwe tí wọ́n bá ti pa báyìí, kò tún sí pé ẹnì kan ń dá ẹjọ́ mọ́, wọ́n ti dá a tán nìyẹn. Èmi náà ò dákẹ́. Mo dúró sẹ́yìn màámi, mo ní, "Ìyá, ẹ ò bá sọ fún wa ká san owó ẹja yín, kì í ṣe kẹ́ ẹ pa ẹran tí ò mọ nǹkan kan." Èmi tí mo lọ sílé ìwé ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ìyá Alákàrà gbé ṣíbí dúró lókè òróró. Ó wò mí, kò wo màámi, èmi ló wò. Ó ní, "Èmi? Ológbò?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kó àkàrà tó ti jinná jáde, ó pa iná, ó gbé agbada ẹ̀ wọlé. Aago mẹ́jọ ò tíì lù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mi ò rí i kó palẹ̀ mọ́ kí aago mẹ́wàá tó lù rí.

Omi inú ife

Ọjọ́ kẹta sí i ni mo gbé Balógun lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, véto bí a ṣe ń pè wọ́n níbí. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, mo da aṣọ bò ó, mo gbé e lé itan lẹ́yìn zém. Kí n má purọ́, kì í ṣe ìwòsàn nìkan ni mo bá lọ. Mo fẹ́ kí dókítà kọ orúkọ májèlé náà sínú ìwé fún mi, kí n lè mú ìwé yẹn dání wá sílé.

Dókítà ò yára. Ó fi ìka ṣí ẹnu ẹ̀ wò, ó fi èrìgì ẹ̀ hàn mí, ó ti pọ́n rúsúrúsú bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ó bi mí bó ṣe dàgbà tó, ó bi mí bóyá ológbò míì wà nílé, ó bi mí bóyá wọ́n jọ ń yàgbẹ́ síbì kan náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, inú yanrìn ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ ni àwọn méjèèjì ń lọ. Lọ́kàn mi mò ń wí pé kí ló kan ìgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ májèlé.

Ó fá irun díẹ̀ níkùn ẹ̀, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó rọra ń fa sírínjì. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni màá rí. Omi ló jáde. Àwọ̀ ẹ̀ dà bí oyin tí wọ́n bu omi là, nígbà tó sì fún díẹ̀ síta lẹ́nu abẹ́rẹ́, ṣe ló ń yọ̀, tó ń fà bí ewédú.

Ó wá mú ife onígíláàsì kan, ó bu omi mímọ́ díẹ̀ sí i, ó kán fínígà funfun sínú ẹ̀, ẹ̀kán kan péré, ó rò ó pọ̀. Ó wá mú sírínjì, ó kán omi ikùn Balógun lé e lórí, òun náà ẹ̀kán kan. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ tẹjú mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ omi lásán ni, ó máa yọ́ mọ́ èyí tó kù, ẹ ò ní rí i mọ́."

Kò yọ́. Ó so rọ̀ lójú omi bí ẹni pé wọ́n fi òwú so ó, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fa ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn, bí èéfín tó ń wálẹ̀ dípò kó máa gòkè. Mo dúró, mò ń wò ó. Mi ò tíì rí ohun tó kéré báyẹn tó dá mi dúró báyẹn rí. Rivalta lorúkọ àyẹ̀wò yẹn, orúkọ ọkùnrin ará Ítálì kan ni, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń lò ó, omi ara èèyàn ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ ń fi yẹ̀ wò. Omi, fínígà, ife. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀.

Dókítà ní PIF lòun rò pé ó jẹ́, bí wọ́n ṣe gé orúkọ àìsàn ológbò kan kúrú lédè Faransé nìyẹn, péritonite infectieuse féline. Ó ní ẹ̀kán yẹn nìkan ò tó láti fi gbé e lé e lórí, pé ohun tó jẹ́ kó dá òun lójú ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, ọjọ́ orí ẹ̀ tí ò tíì pé ọdún méjì, ibà tí oògùn apakòkòrò tí a ti fún un nílé ò bá lọ, èrìgì tó pọ́n, omi tó ń fà yìí. Mo ní, "Dókítà, irú májèlé wo wá nìyẹn?"

Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Ó ní, "Màdáàmù, májèlé kọ́. Fáírọ́ọ̀sì ni. Kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan. Inú ara ẹ̀ níbẹ̀ ló ti yí padà."

Inú ara ẹ̀ ló ti yí padà. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé wálé dípò ìwé májèlé tí mo lọ gbà.

Àṣìkọ

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, orí fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ti ka púpọ̀ láti ìgbà náà, màá sọ ohun tó yé mi.

Kòrónà ni fáírọ́ọ̀sì náà. Ẹ má fò sókè, kì í ṣe èyí tó tì wá mọ́lé lọ́dún 2020, ẹbí kan náà ni wọ́n ṣùgbọ́n ẹ̀ka wọn yàtọ̀, ti ológbò yìí kì í ran èèyàn. Inú ìfun ológbò ló ń gbé, inú ìgbẹ́ ló ń bá jáde, ológbò míì tó bá lo yanrìn kan náà á kó o. Níbi tí ológbò bá ti pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kì í bá pàdé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tiẹ̀ mọ̀, inú lè ya díẹ̀, kó sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún tó bá kó o, bíi márùn-ún sí mẹ́wàá ni nǹkan míì máa ṣẹlẹ̀ sí, nǹkan yẹn ni PIF, tí wọn ò bá sì rí oògùn sí i, ikú ni.

Obìnrin dókítà ẹranko kan ní Boston, Jean Holzworth, ló ti kọ nípa àìsàn yìí lọ́dún 1963. Lẹ́yìn náà, fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń wò ó bíi pé fáírọ́ọ̀sì méjì ló wà, ọ̀kan jẹ́jẹ́ tó ń gbé inú ìfun, èkejì apani tó ń rìn kiri lóde ní tiẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, apani láti ìta ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Lọ́dún 1998 ni ìwádìí kan jáde, tí Niels Pedersen ti Yunifásítì California ní Davis wà lára àwọn tó ṣe é, tó fi hàn pé apani yẹn kò ti ibì kankan wá, pé èyí tó wà nínú ìfun ló ń yí padà di apani, nínú ológbò kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀lọ́tọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Báwo ló ṣe ń yí padà? Ilé kéú kan wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn ọmọ á fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ wọn sórí wàláà, wọ́n á kà á, wọ́n á fọ̀ ọ́ nù, wọ́n á tún kọ òmíì. Ẹ ti rí i tí ọmọ ọdún méje bá ń da kéú kọ. Ó lè kọ wàláà mẹ́wàá dáadáa, ní ìkọkànlá ó fi tótó méjì sókè níbi tí ó yẹ kó fi ẹyọ kan sísàlẹ̀, bá di tá, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ míì. Ọmọ yẹn ò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ó kàn ń kọ ni.

Bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń pọ̀ nìyẹn. Ìwé kan ló wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RNA, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ gbogbo ẹ̀, ìwé náà sì gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 29,000. Gbogbo ìgbà tó bá wọ sẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n á da ìwé yẹn kọ, wọ́n á tún un dà kọ, láìmọye ìgbà lóòjọ́. Àwọn ẹbí kòrónà tiẹ̀ ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì onírú ìwé yìí ò ní, bí àlùfáà tó ń rìn láàárín àwọn ọmọ, tó ń yẹ wàláà wò, tó ń pa àṣìkọ rẹ́. Síbẹ̀ ojú àlùfáà ò lè tó gbogbo ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àṣìkọ ò já mọ́ nǹkan, òmíì a tiẹ̀ ba fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ara fáírọ́ọ̀sì yìí ní àwọn ẹ̀gún tó yọ síta, àwọn ẹ̀gún yẹn ló fi ń gbá sẹ́ẹ̀lì mú kó tó wọlé, ibi tí wọ́n sì ti kọ bí ẹ̀gún ṣe máa rí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 2012 àwọn kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Utrecht ní ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì fi ìwé fáírọ́ọ̀sì inú ìfun wéra pẹ̀lú ti àwọn ológbò tí PIF ń bá jà. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ, ojú kan náà ni wọ́n ti rí ìyàtọ̀, ibi tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 1058 nínú ẹ̀gún, èròjà pùrótéènì kan tó ń jẹ́ methionine ló yẹ kó wà níbẹ̀, òmíì tó ń jẹ́ leucine ni wọ́n bá. Lẹ́tà ẹyọ kan tó bá yí ti tó láti sọ èkíní di èkejì. Ẹyọ kan nínú 29,000. Àwọn míì tún rí i lọ́dún kejì pé ibi tí ẹ̀gún náà ti máa ń là sí méjì náà máa ń yí padà. Kò sì tíì tán síbẹ̀, torí àwọn olùwádìí míì lẹ́yìn ìgbà náà ní 1058 yẹn, ohun tó fi hàn ni pé fáírọ́ọ̀sì ti kúrò nínú ìfun bọ́ sínú ara, kì í ṣe pé PIF ti dé dandan. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń ṣe yẹn. Wọn ò tíì sọ pé ta ni ò mọ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá yí ni pé, fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ìfun ló mọ̀ ọ́n wọ̀ jù tẹ́lẹ̀, ó wá ń gbilẹ̀ dáadáa nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ọlọ́dẹ ara, àwọn tó yẹ kó máa gbé kòkòrò mì. Ibi gbogbo tí ọlọ́dẹ bá lè dé, òun náà á dé. Ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, ìjà yẹn ló ń jẹ́ kí iṣan máa jò. Omi tó ń fà bí ewédú tí mo rí nínú sírínjì, ẹ̀jẹ̀ Balógun ló ti jò wá. Oríṣi kan tún wà tí kì í lómi, tó jẹ́ pé kíndìnrín, ojú tàbí ọpọlọ ló máa ń bá jà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni jíìnì kan, ìyẹn abala kan nínú ìwé yẹn, tí wọ́n ń pè ní 3c. Ó dà bíi pé fáírọ́ọ̀sì nílò ẹ̀ kó tó lè máa ṣe dáadáa nínú ìfun. Nínú ọ̀pọ̀ ológbò tí PIF pa, 3c yẹn ti bà jẹ́. Ìyẹn ni pé èyí tó yí padà di apani, ọ̀nà tó máa ń gbà jáde tẹ́lẹ̀ ti dí mọ́ ọn, kì í sábà rí inú ìgbẹ́ gbà lọ sára ológbò míì. Inú ológbò tó bá pa ni òun náà ń kú sí. Kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Mo ka ibi yẹn ní bí aago méjì òru, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wo Balógun tó ń mí gúlegúle nínú apẹ̀rẹ̀, ó dà bíi pé kí n rí ẹnì kan bínú sí, mi ò rí ẹnì kankan.

Ẹja ẹ̀yìn àpò

Dókítà fa omi díẹ̀ kúrò níkùn ẹ̀ kó lè rí èémí mí, ó fún wa ní oògùn tó máa jẹ́ kí ara tù ú. Ó ní oògùn tó ń wo PIF wà láyé ṣùgbọ́n òun ò mọ ibi tí òun ti lè rí i fún wa ní Àjàṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò sí i. Orí àpò àgbàdo òfìfo lẹ́nu ọ̀nà yàrá màámi ló kú sí, níbi tó ti máa ń to eku sí, ìdájí ni. Màámi ò sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yọ.

Èmi ni mo kó sítọ́ọ̀ jáde lọ́jọ́ kejì, mo fẹ́ fọ ibẹ̀, mo fẹ́ pààrọ̀ yanrìn. Nígbà tí mo gbé àpò tó wà lápá ògiri, mo rí ẹja. Ẹja díndín Ìyá Alákàrà. Ó ti gbẹ, èèrà ti bò ó, ó ṣẹ́ ku odindi, ojú eyín ẹ̀ẹ̀kan péré ló wà lára ẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ tó gbé ẹja yẹn, kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ó wù ú, ó gbé e, ó sá wọlé, ó gé e lẹ́ẹ̀kan, ó fi sílẹ̀. Balógun tí kì í jẹ́ kí egungun ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni pé kí obìnrin yẹn tó lanu pé n ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n, nǹkan ti bà jẹ́ nínú ológbò wa, ó ti ń rù lójú wa, iṣẹ́ ọjà ò jẹ́ ká wò ó.

Mo ti gbọ́ òwe àjẹ́ yẹn láti kékeré, kò bí mi nínú rí, àfi báyìí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò bi wá pé ọmọ náà, ọjọ́ wo ni ara ẹ̀ ti ń gbóná? Ta ló ń fún un lómi? Ta ló mọ̀ pé kò jẹun láti ọjọ́ Tọ́síde? Igbe la gbọ́ torí igbe máa ń ròkè. Ìwé tí wọ́n ṣì kọ nínú ìfun ológbò, kò pariwo, ṣé a lè gbọ́ ọ. Mi ò sọ pé kò sí ẹni tó ń fún ẹran ẹlẹ́ran ní májèlé o, wọ́n wà, a ti rí wọn. Mò ń sọ pé a ò wádìí. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ò ju ọ̀rọ̀ ìbínú kan lọ, ọ̀rọ̀ tí èmi náà lè sọ tí wọ́n bá gbé ẹja mi.

Mo sì mọ ìdí tó fi rọrùn. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣe é, a rí ẹni tí a máa bá jà, a rí ibi tí a máa da ọ̀rọ̀ sí. Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà kan ló yí padà nínú 29,000, kí lèèyàn máa ṣe? Ta lèèyàn máa pè síta láàárọ̀ Sátidé? Ìbànújẹ́ tí ò ní ẹlẹ́ṣẹ̀ nídìí wúwo ju èyí tó ní lọ, ìyẹn ló ń jẹ́ ká máa wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri, ká sì máa rí i, torí ẹni tó bá ti ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀ ládùúgbò kì í pẹ́ rí. Kì í ṣe ológbò nìkan la ń ṣe é fún. Mo mọ obìnrin mélòó kan tí wọ́n ti lé kúrò nílé ọkọ, nígbà tí ọmọ kú, lórí ọ̀rọ̀ tí kò ju báyìí lọ.

Oògùn tí ń bẹ lókèèrè

Mo ní láti sọ ti oògùn yìí torí àwọn tó bá ní ológbò á fẹ́ mọ̀. GS-441524 lorúkọ ẹ̀, remdesivir tí wọ́n lò fún èèyàn lásìkò kòrónà, tó bá wọ inú ara, òun ló ń dà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ bá ọ̀rọ̀ wàláà mi mu, lẹ́tà èké ni. Nígbà tí wọ́n bá ń da ìwé fáírọ́ọ̀sì kọ, wọ́n á mú un bí ẹni mú lẹ́tà gidi, ibẹ̀ ni gègé á ti há. Pedersen tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan tẹ èsì kan jáde lọ́dún 2019, ológbò 31 tí PIF ń bá jà ni wọ́n fún, ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n ń fi gún un lábẹ́rẹ́, 24 ṣì wà láàyè pẹ̀lú ìlera nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àìsàn tí wọ́n ti ń sọ fún èèyàn pé kó lọ múra ìsìnkú. Síbẹ̀, fún ọdún mélòó kan, kò sí ìjọba tó fọwọ́ sí i fún ológbò, ọwọ́ àwọn tí wọn ò mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn èèyàn ti ń rà á. Ọdún 2021 ló tó di ohun tí dókítà ẹranko lè kọ fúnni ní Bìrìtìkó, 2024 ní Amẹ́ríkà.

Ní Sípírọ́ọ̀sì (Cyprus) lọ́dún 2023, nǹkan tún gba ibòmíì yọ. Ológbò ń kú lọ rẹpẹtẹ, torí fáírọ́ọ̀sì ti ológbò gba apá ńlá lára ẹ̀gún fáírọ́ọ̀sì kòrónà ti ajá, èyí sì ń ran láti ara ológbò kan sí òmíì tààrà, kò dúró kí ó kọ́kọ́ yí padà nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ìjọba wọn gbà kí wọ́n fún ológbò ní oògùn kòrónà tó ṣẹ́ kù tí wọ́n ti rà fún èèyàn. Oògùn yẹn, molnupiravir, ṣe ló ń jẹ́ kí àṣìkọ pọ̀ lápọ̀jù títí ìwé náà ò fi ní ṣeé kà mọ́. Mo ka ìyẹn, mo rántí Balógun, mo ní àṣìkọ ló pa á, àṣìkọ ni wọ́n fi ń gba àwọn míì là.

Níwájú agbada

Mo ti kọ gbogbo ohun tó wà lókè yìí tán kí n tó lè lọ bá Ìyá Alákàrà. Àná ni mo lọ. Mo gba ojúde jáde, aago méje ààbọ̀, mo dúró títí oníbàárà kan fi lọ, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ ti ife omi, mo sọ ti ẹja ẹ̀yìn àpò. Mo ní, "Ìyá, a ṣẹ̀ yín. Èmi ni mo yẹ kí n mọ̀, mi ò wádìí, mo la ẹnu."

Ó ń yí àkàrà, kò wò mí. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ṣé ó jìyà?" Mo ní ó jìyà díẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Ológbò burúkú. Ó máa ń wá sùn síbi ooru iná mi yìí láàárọ̀ kùtùkùtù, kẹ́ ẹ tó jí. Ṣé ìyá ẹ mọ̀?"

Mi ò mọ̀. Màámi náà ò mọ̀.

Ó bi mí nípa Ìyálóde. Mo ní ara ẹ̀ le, pé apani tó wà lára Balógun kì í sábà ran ẹlòmíì, pé ó ṣeé ṣe kí èyí tó jẹ́ jẹ́jẹ́ wà nínú ìfun tiẹ̀, ó lè yí padà, ó lè má yí padà, ọ̀pọ̀ ni kì í yí padà. Ó ní, "Kí lẹ wá ń ṣe sí i?" Mo ní à ń pààrọ̀ yanrìn ẹ̀ lójoojúmọ́, à ń wò ó bóyá ó ń jẹun. Ó ní, "Ẹ máa wò ó."

Ó wá sọ pé òun ti gbọ́ tèmi. Pé ìyá mi ló kígbe sí òun lójú èrò, pé ẹnu ìyá mi lòun fẹ́ ti gbọ́ ọ, lójú èrò náà. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Mo ní mo gbọ́. Mo ra àkàrà igba sẹ́fà, ó fi ọ̀kan lé e.

Màámi ò tíì lọ. Mo gbé àkàrà náà sórí tábìlì, mo sọ ibi tí mo ti rà á, mo sọ ohun tí obìnrin náà wí, mo sọ ti Balógun àti ooru iná. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó na ọwọ́ sí i. Wọ́n jẹ ẹyọ kan, wọ́n bu díẹ̀ lára ìkejì sílẹ̀ fún Ìyálóde, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń wò ó bóyá ó máa jẹ ẹ́.